Ìdí Tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Sùn Kí Orí Rẹ̀ Tó Pé

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá o. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tó ń jẹ gúgúrú, rọra máa jẹ ẹ́, kí ariwo ẹnu rẹ má bo ìtàn mọ́lẹ̀. Ìwọ tó gun apá àga bí ọ̀bọ, sọ̀ kalẹ̀, ìtàn kì í gun òkè lọ bá ènìyàn. Ẹ fún ara yín láyè. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ rí kọ̀ǹpútà orí tábìlì yẹn, tí bàbá yín ń gbá lẹ́yìn láàárọ̀ yìí bí ẹni ń na ọmọ tó jí ẹran jẹ? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ la fẹ́ sọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tán, kó lọ sọ fún bàbá yín kó yé lu ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà láéláé…

Háà! Mo rí ẹni tó ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn. O ní kọ̀ǹpútà kò sí nígbà láéláé? Ṣé o wà níbẹ̀ ni? Eyín rẹ tó ká lọ́sẹ̀ tó kọjá kò tíì hù tán, o wá ń bá àgbà jiyàn ìgbà láéláé. Fi etí sílẹ̀, jàre.

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo nǹkan inú ilé ṣì máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ènìyàn bá ti yí ẹ̀yìn padà, tí ìgbálẹ̀ ń bá àga jà, tí ìkòkò sì ń ṣe òfófó abọ́, Kọ̀ǹpútà kì í sùn. Kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní oorun. Láti ọjọ́ tí Bàbá Wúrà ti gbé e wọlé, tó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ní ìdodo, tí ojú rẹ̀ là, ojú náà kò padé mọ́. Ó ń tàn lọ́sàn-án, ó ń tàn lóru, bí ojú ẹja.

Bàbá Wúrà yìí, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Wúrà, nìkan ló kù nílé. Wúrà ọmọ wọn ti lọ sílé ọkọ, ní ìlú tó jìnnà. Adìẹ ni bàbá ń sìn lẹ́yìnkùlé. Bó bá bọ́ adìẹ tán, yóò wá jókòó síwájú Kọ̀ǹpútà.

Kọ̀ǹpútà ní ìyàwó kan. Eku lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe eku inú igbó, kì í sì ṣe eyí tó ń jẹ gàrí yín nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Eku orí tábìlì ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, wáyà ni ìrù rẹ̀, ojú rẹ̀ pupa bí ẹyín iná. Ẹnu rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, òun ló ń jíṣẹ́ nínú ilé. Bí Bàbá Wúrà bá fẹ́ gbọ́ orin, yóò fọwọ́ lé Eku lẹ́yìn, Eku yóò sáré lọ kan ilẹ̀kùn Orin: kẹ, kẹ! Orin yóò sì jáde wá ṣe àlejò Kọ̀ǹpútà.

Kọ̀ǹpútà fẹ́ràn àlejò. Ẹnu rẹ̀ dùn, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ tí kò rí ìjókòó. Ṣùgbọ́n ó ní àṣírí kan tó ń bò mọ́ra.

Kọ̀ǹpútà kò lẹ́sẹ̀.

Irin pẹlẹbẹ kan ló dúró lé. Ìyá Wúrà fi aṣọ òwú funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun bo ìdí rẹ̀ yíká, kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó bá wọlé rò pé baálé ńlá kan ló fẹ̀ sórí àga, tó fi agbádá bo ẹsẹ̀. Eku nìkan ló mọ̀. Kọ̀ǹpútà sì ti mú un búra pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ mọ àṣà wa. Àlejò kì í kàn dìde kó máa lọ bí adìẹ tí wọ́n lé lórí ọkà. Àlejò yóò ní òun fẹ́ máa lọ. Onílé yóò ní, “Kí ló dé tí ẹ ń kánjú?” Àlejò yóò ní ilẹ̀ ti ń ṣú. Onílé yóò wá dìde, yóò sìn ín sọ́nà, ó kéré tán dé ẹnu géètì. Àlejò tí wọn ò bá sìn sọ́nà, yóò délé sọ pé wọn ò fẹ́ rí òun. Onílé tó bá sì la ẹnu sọ fún àlejò pé kó máa lọ, á! Orúkọ rẹ̀ yóò bàjẹ́ dé ìsàlẹ̀ odò.

Ó wá di ọjọ́ kan. Bàbá Wúrà jí, ó ní kí Eku pe Orin wá. Orin dé, ó kọrin títí, orí bàbá ń mì. Adìẹ ké lẹ́yìnkùlé, bàbá dìde lọ bọ́ wọn, kò rántí Orin mọ́. Orin jókòó.

Nígbà tí bàbá padà dé, ó fẹ́ gbọ́ bí ayé ṣe ń lọ, ó ní kí Eku pe Ìròyìn. Ìròyìn dé, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kó tó jókòó. Oorun gbé bàbá lọ lórí àga. Nígbà tó ta jí, ó ní kí wọ́n pe Ayò wá, kí òun fi ta oorun nù. Ayò jẹ bàbá, bàbá ní Ayò ń rẹ́ òun jẹ, ó bínú dìde lọ jẹun. Ayò náà jókòó.

Ìyá Wúrà dé láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, “Bàbá Wúrà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n rí ojú ọmọ mi.” Eku tún lọ pe Àwòrán. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ̀ pé Àwòrán kì í dá rìn. Tọmọtọmọ ló dé: àwòrán ìsọmọlórúkọ, àwòrán ọjọ́ tí Wúrà wọ iléèwé, àwòrán pásípọ́ọ̀tù, títí kan àwọn tí ojú wọn ṣe bàìbàì nítorí pé ọwọ́ bàbá ń gbọ̀n nígbà tó ń yà wọ́n. Ìyá Wúrà wò wọ́n tán, ó fi etí aṣọ nu ojú, ó lọ síbi iná ọbẹ̀.

Kò sí ẹni tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó dàárọ̀.

Ilé kún fọ́fọ́. Orin ń kọ, Ìròyìn ń sọ, Ayò ń pariwo “Mo jẹ!”, àwọn ọmọ Àwòrán ń sáré gba abẹ́ àga. Kọ̀ǹpútà ń dá gbogbo wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. “Bẹ́ẹ̀ ni o, Orin. Háà, Ìròyìn, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ayò, ẹ kú oríire.” Orí rẹ̀ gbóná. Fáànù tó wà nínú ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mí fùù, fùù, bí ẹni gun òkè.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Bàbá Wúrà jókòó, ó bá Kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà kò dáhùn. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ rangandan, ṣùgbọ́n kò rí ẹnikẹ́ni. Òòyì ń kọ́ ọ, ẹ sì rí òòyì náà gan-an níwájú orí rẹ̀: òrùka kékeré kan tó ń yí bírí, tó ń yí bírí, tí kò dúró. Bàbá fa Eku síwá, ó fà á sẹ́yìn, Eku kò lọ. Kì í ṣe orí kunkun. Èrò ló dí ọ̀nà.

“Kí ló ṣe eléyìí?” Bàbá Wúrà gbá a lẹ́yìn: gbà! Kò gbọ́. Ó tún gbá a: gbà! Eku di ojú rẹ̀.

“Ó dákú ni,” Ìyá Wúrà sọ. “Ẹ jẹ́ kí n bu omi tútù sí i lórí.” Kí a tó wí kí a tó fọ̀, ó ti gbé ife omi dé, ó ti ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

“Ìyá Wúrà, ní sùúrù! Iná ló ń jẹ, kì í jẹ òjò!”

“Ṣebí omi tútù náà la fi jí ẹ̀yin náà dìde lọ́jọ́ tí ẹ ṣubú lẹ́yìnkùlé.”

“Ṣé wáyà wà lára tèmi ni?” Bàbá gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu omi náà fúnra rẹ̀ nítorí inú ń bí i. “Ó tó gẹ́ẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, tí ojú rẹ̀ ṣì rí báyìí, oníkọ́ńdẹ́mù ni màá gbé e fún.”

Jìnnìjìnnì bo Eku. Ṣé ẹ mọ oníkọ́ńdẹ́mù? Ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kiri láàárọ̀ kùtù ni, tó ń ké pé, “Kọ́ńdẹ́mù dà o! Fáànù tó kú, fìríìjì tó kú!” Ohun tó bá wọ inú ọmọlanke yẹn, òòlù ni í gbẹ̀yìn rẹ̀.

“Àwòrán Wúrà tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?” Ìyá Wúrà béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Bàbá fa ìrọ̀rí rẹ̀ lé èjìká, ó wọ yàrá lọ. Ìyá Wúrà dúró díẹ̀, ó tún aṣọ òwú funfun náà ṣe, òun náà sì lọ.

Ilé wá ku Kọ̀ǹpútà, Eku, àti àwọn àlejò.

Eku rọra sún mọ́ ọkọ rẹ̀. “Baálé mi, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ?”

“Mo… mo gbọ́,” Kọ̀ǹpútà fi èémí tó kù sọ ọ́. “Eku mi, orí mi kún. Ìgbà tí wọ́n bá lọ, ara mi yóò yá.”

“Ẹ ní kí wọ́n máa lọ nígbà náà.”

“Èmi? Kí n lé àlejò? Kí ìyá tó bí mi má gbọ́!”

Eku ní kò burú, òun á ṣe é lọ́nà ọgbọ́n. Ó kọ́kọ́ wúkọ́. Wọ́n ní, “Pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó.” Ó ní, “Ilẹ̀ mà ti ṣú o.” Ìròyìn gbà á lẹ́nu rẹ̀: “Ó ṣú lóòótọ́! Ṣùgbọ́n kò ṣú tó ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ jókòó dáadáa, kí n sọ bí tọ̀hún ṣe ṣú fún yín.” Eku yán, ó yán débi pé wọ́n rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ayò ní, “Ó ti rẹ ìyàwó wa. Lọ sùn, ìyàwó, má wo tiwa. A ó bá yín ṣọ́ ilé.”

Eku wá rò pé bóyá orin ni yóò ṣiṣẹ́. Ó kọ orin ìtanijí, pẹ̀lú ohùn tó ní oyin lórí, tó sì ní ata nísàlẹ̀:

Àlejò pàtàkì, ilé yín ń pè yín o,
Ẹ rọra dìde.
Adìẹ yín ti wọ̀, kò rẹ́ni tilẹ̀kùn o,
Ẹ rọra dìde.
Ọbẹ̀ yín ń jóná, òórùn ti dé bí o,
Ẹ rọra dìde.
Bí a ò ríra lónìí, ọ̀la ń bọ̀ fún wa o,
Ẹ rọra dìde.

Ẹ̀yin ọmọ, wọ́n mà dìde lóòótọ́! Inú Eku dùn, ó sáré lọ ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ijó ni wọ́n ń jó. Orin ti gba ègbè orin náà, ó ti fi ìlù sí i. Àwọn ọmọ Àwòrán ti to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń jùdí. Ìròyìn ní, “Ìyàwó, ohùn rẹ dùn! Tún un kọ!” Nígbà tí wọ́n jó tán, wọ́n jókòó padà.

Òrùka iwájú orí Kọ̀ǹpútà ń yí bírí, bírí, bírí.

Ọ̀rọ̀ sú Eku. Ó fa Orin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ lọ sílé?”

Orin ranjú. “Èmi? Ta ló sọ fún ọ pé mi ò fẹ́ lọ? Láti ìgbà tí mo ti kọrin tán láàárọ̀ ni mo ti fẹ́ máa lọ! Ìdí ti ń ro mí. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ kò dìde. Ta ni yóò sìn mí sọ́nà? Ṣé kí n dá lọ bí ẹni jalè?”

“Ẹ̀yin náà?” Ayò dá sí i láti ẹ̀yìn. “Èmi rò pé ẹ̀yin lẹ ń gbádùn ara yín. Ebi ń pa mí kú lọ.”

“Àwọn ọmọ mi ti ń sùn lórí ìdúró,” ni Àwòrán wí. “Mo kàn ń tijú láti kọ́kọ́ dìde ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé èmi ni mo tú ilé ká.”

Ìròyìn nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Ilé kọ́ ló ń wù ú.

Eku fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún. Gbogbo wọn ló fẹ́ lọ, wọ́n sì jókòó pa onílé nítorí ọ̀wọ̀! Ó ní, “Ẹ dìde nígbà náà. Èmi á sìn yín.”

Wọ́n wo ara wọn lójú. Orin ni ó sọ ọ́: “Ìyàwó, má bínú. Kí baálé jókòó gẹlẹtẹ kó máa wò wá, kó wá rán ìyàwó síta? Kí la ṣe fún un? Rárá o. A ó dúró dè é títí tó máa fi dìde.”

Àkùkọ àkọ́kọ́ kọ lẹ́yìnkùlé. Eku sáré padà lọ sí etí ọkọ rẹ̀.

“Baálé mi, ẹ sọ fún wọn.”

“Kí n sọ kí ni?”

“Pé ẹ ò lẹ́sẹ̀.”

“Ṣìì! Ẹnu rẹ! Ìròyìn ló jókòó síbẹ̀ yẹn! Ṣé kí gbogbo ayé gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó mọ́? Kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé baálé tí wọ́n ń bẹ̀rù, irin pẹlẹbẹ ló jókòó lé? Ó sàn kí n kú.”

“Ikú náà ló ń ti ọmọlanke bọ̀ yẹn,” Eku wí. Ohùn rẹ̀ kò ṣeré mọ́. “Nígbà tí wọ́n bá sì gbé yín dé ibi tí wọ́n ń gbé yín lọ, ṣé ẹ rò pé wọ́n á fi aṣọ Ìyá Wúrà sílẹ̀ lára yín? Wọ́n á ṣí i kí wọ́n tó gbé òòlù. Oníkọ́ńdẹ́mù ni yóò rí ìdí yín, baálé mi. Ẹni tí kò mọ orúkọ yín.”

Fáànù inú ikùn Kọ̀ǹpútà ń mí fùù. Nígbà tó yá, ó gbé ohùn sókè:

“Ẹ̀yin àlejò mi, ẹ dákun, ẹ fetí sílẹ̀. Kì í ṣe ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n dìde sìn yín. Eku, ká aṣọ yẹn.”

Eku fi eyín fa etí aṣọ náà. Aṣọ òwú funfun rọ́ sílẹ̀. Gbogbo ojú lọ sí irin pẹlẹbẹ náà. Ìròyìn la ẹnu, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ọ̀rọ̀ kò jáde.

Àfi bí Àwòrán ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ojú Kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.

“Ẹ má bínú, baálé,” ni Àwòrán wí. “Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń rín. Pásípọ́ọ̀tù, ọmọ mi, bọ́ síwájú. Ẹ wo eléyìí dáadáa. Níbo ló parí sí? Àyà! Àyà ni wọ́n gé e dé. Ṣé ẹ rí i tó fi aṣọ bo ibi kankan?”

“Èmi tí ẹ ń wò yìí,” ni Orin wí, “ara gan-an ni mi ò ní, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹsẹ̀.”

“Ihò ni gbogbo ara tèmi,” ni Ayò wí.

Ìròyìn rí ohùn rẹ̀ padà. “Èmi ní ẹsẹ̀ o! Ẹsẹ̀ mi pọ̀ gan-an. Òun ló ń jẹ́ kí n máa sáré kọjá òtítọ́ nígbà mìíràn.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Kọ̀ǹpútà pàápàá rín díẹ̀. Ẹ̀rù tó ti ń bà á láti ọjọ́ tó ti dé ilé yẹn, òun nìyẹn, kò tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ fi oúnjẹ sílẹ̀.

Àwòrán ló dàgbà jù nínú wọn, òun ló wá dá a lábàá. “Onílé tí kò lè dìde, ó lè sùn. Ta ni í dúró kí ẹni tó ti sùn wá sin òun sọ́nà? Bí ẹ bá pa ojú dé, a ó rọra fa ilẹ̀kùn, a ó máa lọ, kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ dágbére fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan o. Ẹ má dédé sùn lójú wa bí ẹni ẹmu ń pa.”

“Lọ́sàn-án ńkọ́?” Orin béèrè. “Ṣé ẹ ó máa sùn nítorí àlejò kan ṣoṣo?”

Kọ̀ǹpútà ronú. “Bí ẹ bá gbà, Eku yóò máa sìn yín dé igun ilé lókè, lápá ọ̀tún. Èmi yóò di ìrù rẹ̀ mú látibí. Ọwọ́ mi wà níbẹ̀ nìyẹn, ó ti di èmi ni mo sìn yín.”

Wọ́n ní ó bójú mu. Ṣùgbọ́n Kọ̀ǹpútà kò tíì pa ojú dé. Ó fà mọ́ Eku. “Mi ò sùn rí. Bí mo bá pa á dé, ta ni yóò là á fún mi?”

“Bàbá Wúrà ni. Ṣebí òun ló là á lọ́jọ́ àkọ́kọ́.”

“Bàbá Wúrà tó ń dúró de oníkọ́ńdẹ́mù?”

Eku fi ẹ̀yìn ti ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. “Èmi náà yóò sùn tì yín. Bí a bá jí, a jọ jí. Bí a ò bá jí, mi ò ní dá wà lórí tábìlì yìí.”

Ni ojú ọ̀run bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ pọ́n. Láti òpin àdúgbò, wọ́n gbọ́ ọ: “Kọ́ńdẹ́mù dà o!”

Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ ìdágbére. “Ó dàbọ̀, Orin. Ẹ kí ilé.” Orin lọ, ó ń kùn lẹ́nu. “Ayò, ẹ ṣeun, ẹ jẹun o.” Ayò ń sáré nítorí ebi. Àwòrán kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ: “Ẹ̀yin tí ojú yín ṣe bàìbàì, ẹ di ọwọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n yín mú, kí ẹ má sọnù.” Wọ́n tò jáde bí èèrà.

Ó wá ku Ìròyìn.

“Ó dàbọ̀ o, Ìròyìn.”

“Ó dàbọ̀, baálé. A ó ríra.” Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà. “Háà, mo fẹ́ gbàgbé! Ṣé ẹ ti gbọ́ ti ewúrẹ́ tó wọ ààfin?”

Bàbá Wúrà ti jáde láti yàrá. Ó wo Kọ̀ǹpútà, òrùka náà ṣì ń yí. “Mo sọ bẹ́ẹ̀,” ló wí. Ó fọwọ́ gbá wáyà mú, ó fẹ́ fà á yọ lára ògiri.

Ìyá Wúrà di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Bàbá Wúrà, ẹ jẹ́ kó kú fúnra rẹ̀. Wọn kì í já ẹ̀mí gbà lẹ́nu ẹni tó ń lọ.”

“Bàbá! Ṣé kí n wọlé wá gbé e?” Oníkọ́ńdẹ́mù ti dé ẹnu géètì.

“Dúró ná!”

Lẹ́nu ọ̀nà, ewúrẹ́ Ìròyìn ti jáde ní ààfin, ó ti dé ọjà, ó ti bí ìbejì. Kọ̀ǹpútà ń dá a lóhùn, “Ẹn-ẹ́n. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó mà ṣe o.” Nígbà tó pẹ́ títí, Ìròyìn mí kanlẹ̀, ó ní, “Ó yá, ẹ jẹ́ kí n máa lọ, kí n má dá yín dúró.” Ó fa ilẹ̀kùn dé, ó bá oòrùn òwúrọ̀ lọ.

Òrùka náà dúró. Kọ̀ǹpútà pa ojú dé. Ojú pupa Eku kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ó ti parí,” Bàbá Wúrà wí. Ìyá Wúrà yí ojú sẹ́yìn. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ méjèèjì gbá Kọ̀ǹpútà mọ́ra láti gbé e. Ibi tó ti ń wá ibi dì mú, àtàǹpàkò rẹ̀ bọ́ sí ìdodo.

Wòó! Ìmọ́lẹ̀ tàn sí bàbá lójú. Ojú Kọ̀ǹpútà mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, kò sí òrùka, kò sí ariwo, fáànù ikùn rẹ̀ ń mí jẹ́jẹ́. Eku ta pọ́n-ún lọ́wọ́ bàbá, ó sáré kan ilẹ̀kùn Àwòrán nìkan ṣoṣo: kẹ, kẹ! Wúrà yọ síta nínú aṣọ iléèwé, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ ti ká.

Ìyá Wúrà kígbe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó káàkiri pálọ̀.

“Bàbá, ẹ gbé e wá o! Mo ń lọ!” Oníkọ́ńdẹ́mù ké láti ẹnu géètì.

“Máa lọ! Ó ti jí!”

“Ohun tó kú ló jí?” Oníkọ́ńdẹ́mù ti ojú bọ géètì. “Bàbá, ilé yín yìí kò dáa o. Kò wá sí nǹkan mìíràn tó kú, tó sì mọ̀ pé òun kú?” Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti ọmọlanke rẹ̀, ó sáré kúrò níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Kọ̀ǹpútà ti ń di ìrù Eku mú, tí Eku sì ń sin àlejò kọ̀ọ̀kan dé igun òkè lápá ọ̀tún, níbi tí àmì X wà, kó tó lọ. Láti ọjọ́ náà ni ó ti jẹ́ pé bí àlejò bá pọ̀ jù, tí òòyì ń kọ́ Kọ̀ǹpútà, ìgbátí kò wò ó sàn, omi tútù kò wò ó sàn, àfi kí wọ́n jẹ́ kó sùn díẹ̀, kí wọ́n sì jí i padà. Bí ẹ bá sì ní kó sùn, tí kò tètè sùn, tí òrùka náà ń yí níwájú orí rẹ̀ tó ń ní kí ẹ ṣe sùúrù, ẹ má fa wáyà rẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ. Àwọn tó kù ti lọ. Ìròyìn ló ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ní òun fẹ́ máa lọ.